Ọtí Tó Ní Ìwé àti Ọtí Tí Kò Ní: Ìtàn Owó Inú Ọtí Líle, láti Kentucky dé Dùgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni a gbé wá lónìí, àmọ́ inú ìgò ọtí ni a ti fẹ́ wò ó.

Kò wọ́pọ̀ kí a ṣe ìdána ní Bódìjà tàbí ní Challenge kí a má rí ìgò Schnapps láàárín ẹrù ìdána. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò wọ́pọ̀ kí a dé gáréèjì kí a má rí oníparaga tó ní ògógóró nínú ike. Ọtí méjèèjì ló le, méjèèjì ló sì lè ba ayé ẹni jẹ́ bí a bá sọ ọ́ di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́, ó ní nọ́ńbà NAFDAC, báńkì sì lè yá ẹni tó ń ṣe é lówó. Èkejì kò ní nǹkan kan ju ike tí wọ́n rọ ọ́ sí lọ. Kí ló sọ ọtí kan di ohun tí ènìyàn ń dókòwò sí, tó sì sọ èkejì di ohun tí ọlọ́pàá ń lé kiri?

Àwọn kan á ní adùn ló fà á, àwọn mìíràn á ní ìmọ́tótó ni. Ìtàn kò gbè wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé òfin ló fà á, àti ìwé tí òfin ń fi sí ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Ọtí tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ ni bourbon. Nínú ọkà tí wọ́n fi ń sè é, ó kéré tán ìpín 51 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Bí wọ́n bá sè é tán, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi tuntun tí wọ́n ti fi iná sun inú rẹ̀, wọ́n á sì tò ó sí ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀. Ibí yìí ni ìṣòro owó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra àgbàdo lónìí lè má rí èrè fún ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ta ni yóò kó owó rẹ̀ sínú ohun tó ń sùn, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbẹ lọ lọ́dọọdún?

Òfin ló bá wọn yanjú rẹ̀. Ní 1897, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ọtí tó bá lo ó kéré tán ọdún mẹ́rin nínú ilé ìkẹ́rùsí tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣọ́, tó sì jẹ́ iṣẹ́ ilé ìsètí kan ṣoṣo ní àsìkò kan ṣoṣo, lè gba èdìdì ìjọba. Bí ọtí bá ṣì wà nínú ilé náà, a kì í tíì san owó orí rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Ìwé sì wà lórí àgbá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọtí: ó lè tà á, ó sì lè fi í dúró ní báńkì láti yáwó, láìfọwọ́ kan àgbá. Ní 1958 wọ́n sún àkókò tí ọtí lè fi wà níbẹ̀ láìsan owó orí láti ọdún 8 sí ọdún 20. Ní 1964, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kéde pé bourbon jẹ́ ohun àmúyangàn Amẹ́ríkà, pé ọtí tí a bá sè níbòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn.

Báyìí ni àgbá ọtí ṣe di ohun ìní bí ilẹ̀ àti ilé. Ní 2024, àgbá bourbon tó wà ní Kentucky ju mílíọ̀nù 14 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà kò pé mílíọ̀nù 5. Ẹ rántí pé Amẹ́ríkà yìí kan náà ti fòfin de ọtí pátápátá láti 1920 sí 1933. Nígbà tí òfin náà kúrò, ìwé tún padà, owó sì padà tẹ̀lé e.

Nílẹ̀ tiwa, ọtí líle ti ń mówó wọlé kí 1897 tó dé, ṣùgbọ́n àpò mìíràn ni owó náà ń wọ̀. Jíìnì láti Rotterdam àti Hamburg ló kún èbúté. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, owó tí ìjọba amúnisìn ń gbà lórí ọtí líle ju ìlàjì gbogbo owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀lé e dé, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí. Ibẹ̀ ni Dùgbẹ̀ òwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ọkọ̀ ń kó èso ọ̀pẹ lọ sí Èkó, lẹ́yìn náà kòkó, ó sì ń kó aṣọ, iyọ̀ àti jíìnì bọ̀.

Ní àwọn ìlú kan ní Gúúsù, àpótí jíìnì di owó. Wọ́n ń tò ó sí yàrá bí ẹni tọ́jú owó sí báńkì, wọ́n sì fi ń san gbèsè. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí ará Kentucky ń fi àgbá ṣe ni àwọn baba wa ń fi àpótí ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí òfin tó dúró ti àpótí tiwa. Owó orí rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní èbúté, èrè rẹ̀ sì ti wà ní Yúróòpù.

Àwọn míṣọ́nnárì pariwo. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà wà lára àwọn tó bá òwò jíìnì jà jù. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1909 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ náà sì ní àwọn kò rí ìbàjẹ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu: ta ni yóò fẹ́ pa adìyẹ tó ń yé ẹyin fún un? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, ní oṣù kẹsàn-án 1919, àwọn orílẹ̀-èdè amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye, nítòsí Paris. Àdéhùn náà fòfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá fún wa, kò sì fòfin de ọtí olówó gọbọi tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń mu. Ó tún fi kún un pé a kò gbọdọ̀ sè ọtí líle nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló yẹ kí a ti ojú bọ̀ jù.

Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní àwọn ọdún 1930, tí iye ọjà wa já wálẹ̀, tí owó orí jíìnì òkèèrè sì ń ga sí i, àwọn ènìyàn wá ọgbọ́n ta. Wọ́n mú ẹmu àti ọ̀gùrọ̀, wọ́n sè é nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n gba ooru rẹ̀ kọjá nínú páìpù bàbà tí omi tutù yí ká, ògógóró sì ń kán sínú ìgò. Láti Niger Delta dé etí òkun àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, iṣẹ́ náà tàn ká. Ó ní àwọn tó ń dá ẹmu, àwọn tó ń sè é, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e àti àwọn tó ń tà á. Òwò pípé ni. Ohun tí ìjọba rí nínú rẹ̀ ni owó ibodè tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dáhùn pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n.

Nínú irú ipò yìí, ta ni yóò tọ́jú ògógóró pamọ́ fún ọdún mẹ́rin kó lè dùn sí i? Ẹni tó bá sè é lálẹ́ gbọ́dọ̀ ti tà á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa. Kò sí báńkì tó lè yá a lówó, kò sì sí ẹni tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Àkókò ló ń sọ bourbon di owó. Òfin gba àkókò lọ́wọ́ ògógóró.

Ní báyìí, ẹ wo ibi tí owó ńlá gbà. Ilé-iṣẹ́ UAC, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá oníṣòwò ayé amúnisìn, para pọ̀ mọ́ Heineken láti dá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946. Ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949. Wọ́n kọ́ ilé ìpọntí sí Aba ní 1957, sí Kaduna ní 1963, sí Ìbàdàn wa níbí ní 1982. Guinness náà ṣí ti Ìkẹjà ní 1962, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíà ní ìwé àṣẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Òfin tún ṣí ilẹ̀kùn kan. Ní 1972, ìjọba ológun pàṣẹ pé ó kéré tán ìpín 40 nínú 100 àwọn ilé-iṣẹ́ ìpọntí bíà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní 1977 wọ́n sọ ọ́ di 60. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ìdókòwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọ ọ̀nà báńkì ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ní Iléṣà, Olóyè Lawrence Ọmọ́lé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ International Breweries sílẹ̀ ní 1971, Trophy sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1978. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀! Nígbà tó di 1990, ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà ṣí ẹ̀ka sí Ìbàdàn. Kódà nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, irú èyí tí wọ́n ń jà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní ọjà Bódìjà.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sáré lọ ra ìpín ilé ọtí o. Ìwé kì í ṣe oògùn àdánù. Òfin 1995 yọ òdiwọ̀n tó wà fún àjèjì kúrò. Lónìí, Trophy wà lábẹ́ AB InBev, Heineken ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú Nigerian Breweries. Nígbà tí náírà já ní 2023, Nigerian Breweries pàdánù owó tó lé ní bílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún kan. Ní 2024, Diageo ta ìpín ńlá tó ní nínú Guinness Nàìjíríà fún Tolaram. Kentucky náà kò bọ́: ọtí ti pọ̀ ju ọ̀fun lọ, Brown-Forman, tó ni Jack Daniel's, sì kéde ní 2025 pé òun yóò ti ilé-iṣẹ́ tó ń kan àgbá fún un ní Louisville. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù níbẹ̀ mọ iye tó pàdánù, ó sì mọ ibi tó lè lọ béèrè. Ìwé ló fún un ní èyí.

Ẹni tí kò ní ìwé ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2015, ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ti kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, májèlé tó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn tó kú níbẹ̀ sì pọ̀. Kí ni ìjọba ṣe? Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n tún fòfin de ògógóró. Láti 1919 sí 2015, ọdún 96, ìdáhùn kan náà ni. Kò sí ẹni tó mọ àgbá tí májèlé ti jáde, nítorí àgbá tí kò ní orúkọ kò ṣeé tọpa. Èdìdì ìjọba tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wà fún gan-an nìyẹn: kí ẹni tó ń mu mọ ẹni tó sè é.

Ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá tí NAFDAC fẹ́ fòpin sí láti 2024 náà, tí wọ́n tún sún síwájú dé òpin 2025, inú ìtàn yìí ló wà. A fara mọ́ ọn pé kò yẹ kí ọmọdé máa fi owó péréte ra ọtí líle. Àwọn kan wà lágbègbè Àgbowó yìí tí ọ̀rá kékeré ti gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a má tà á nínú ọ̀rá, tí a kò sì ṣètò ẹni tó ń sè é, inú ike tí kò ní orúkọ ni yóò padà sí.

Ohun tí a rò pé ó yẹ kò ju èyí lọ: kí àwọn tó ń sè ògógóró ní Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n ní ibi àyẹ̀wò nítòsí tí wọn kò ní fi ìdajì èrè san, kí orúkọ ìlú àti ti ẹni tó sè é sì wà lára ìgò. Àwọn kan ti ń gbìyànjú: ní Èkó, Pedro's ti gbé ògógóró sínú ìgò tó dára, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó lè san owó ńlá. Ìbéèrè tó kù ni bóyá owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gun igi.

Ní ìgbà míì tí ẹ bá rí Schnapps lórí ẹrù ìdána, ẹ rántí pé òfin òyìnbó ló kọ́kọ́ yan ọtí tí a ó fi ṣe ètùtù àti èyí tí a ó máa fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Òmìnira ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìwé yẹn, ọwọ́ wa ló wà báyìí láti kọ.