Okùn Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù

Bí gílóòbù bá wà ní ilé-ìwé yín ní Komu, ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi orí rẹ̀ lé Ìkẹjà, kí ẹ sì fà á le dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ibi tí ó gbà. Àríwá ni ó dorí kọ, Òkè-Ògùn tiwa yìí ni ó sì gbà kọjá kí ó tó wọ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 3,100 máìlì, èyíinì ni 5,000 kìlómítà. Bàálù òde òní a máa sáré tó 530 máìlì ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé kò pé wákàtí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni a sábà máa ń lò. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Bàálù kì í ti ilẹ̀ sáré bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rọra yí lórí pápá, yóò gun òkè díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ balẹ̀, yóò tún dẹ eré rẹ̀.

Ní December 7, 1825, Captain Clapperton gbéra ní Àgbádárìgì, ó gba ilẹ̀ wa yìí lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. January 23, 1826 ni ó tó débẹ̀: ọjọ́ 47! Captain Pearce àti Dókítà Morrison tí wọ́n jọ gbéra kò tilẹ̀ débẹ̀. Àìsàn pa wọ́n lọ́nà. Lónìí, ẹni tí bàálù rẹ̀ gbéra ní Ìkẹjà lè ti kọjá lórí Òkè-Ògùn kí ìyá kan ní Komu tó ro àmàlà tán.

Ní 1936 ni Imperial Airways kọ́kọ́ ń gbé lẹ́tà àti èrò wá sí Kánò àti Èkó. Láti Khartoum ní Sudan ni wọ́n ti ń yà wá, nítorí náà okùn tiwọn wọ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi, bí Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, tí ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì dé Liverpool. October 1, 1958 ni ilé-iṣẹ́ bàálù ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bàálù àháyá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni a wá mọ̀ sí Nigeria Airways, tí ó kógbá sílé ní 2003.

Ti aago ni ó dùn mọ́ mi jù. Nítorí pé àríwá ni okùn yín lọ, aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: nígbà òtútù wọn, wákàtí kan péré ni a fi ṣíwájú, nígbà ooru, ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n ẹ fa okùn mìíràn lọ sí New York ní ìwọ̀-oòrùn. Ó tó 5,200 máìlì, bíi wákàtí mọ́kànlá. Oòrùn a máa yọ sí wa kí ó tó yọ sí wọn. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tí ó fẹ́ pè é lórí fóònù láti Komu ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ó mọ̀ pé aago méjì tàbí mẹ́ta òru ni ó ń lù lọ́hùn-ún.