Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ló ni ọdún Káyókáyó. Bí oṣù kan lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, láti fi rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ tuntun kan, ọmọ bíbí Ìkòròdú, la jọ lọ wò ó. Bí ìlù ti ń dún tí tọmọdé tàgbà ń jó, ó bi mí pé, “Ṣé ẹni tí a fi ìbọn lé kúrò nílé tún ń ṣe àjọyọ̀ ni?”

Ìbéèrè ńlá ni. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ gba orí ọ̀sà lọ. Síbẹ̀ kò di alágbe: ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣe àdéhùn. Kòsọ́kọ́ kò ní du oyè Èkó mọ́. Èbúté Pálímà di ibi òwò rẹ̀. Ní 1862 ó padà sí Èkó.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìlù ọjọ́ náà ń kì, ju ọba lọ: àwọn tó fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ilé, tí wọn kò sì bọ́ orúkọ Èkó sílẹ̀.