Kí ló yẹ kí dókítà mọ̀ ọ́n ṣe? Ipò méje inú CanMEDS

Àwa olùkọ́ ní Benin mọ ọ̀rọ̀ tí Faransé ń pè ní compétence dáadáa, torí òun la fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Compétence kì í ṣe ìmọ̀ orí nìkan: kí èèyàn lè lo ohun tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ ni. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń tọ́ dókítà níbi púpọ̀ báyìí. Ọ̀kan lára ìlànà tó gbajúmọ̀ jù ni CanMEDS, láti Kánádà.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ní 1986, àwọn dókítà Ontario, ní Kánádà, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 25, torí ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ gba àfikún owó lọ́wọ́ aláìsàn mọ́. Inú aráàlú kò dùn sí wọn rárá. Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn márààrún ti Ontario kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bi aráàlú pé: irú dókítà wo lẹ ń fẹ́? Láti inú ìdáhùn yẹn ni wọ́n ti ṣètò àwọn ipò náà. Collège royal, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn spécialiste ní Kánádà, gbà á wọlé ní 1996, ó sì tún un ṣe ní 2005 àti 2015. Holland àti Denmark náà ń lò ó.

Ipò méje náà

Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bí òdòdó: ọ̀kan láàrin, mẹ́fà yí i ká. Ká fi ìyá àgbà kan tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ṣàpẹẹrẹ.

1. Expert médical, onímọ̀ ìṣègùn. Òun ló wà láàrin. Ó mọ àìsàn tó ń ṣe màmá, ó sì mọ ìwọ̀n insulin tó yẹ wọ́n.

2. Communicateur, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó sì mọ̀ ọ́n gbọ́. Ó béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ní fìríjì nílé?" Ooru máa ń ba insulin jẹ́. Bí kò bá béèrè, oògùn gidi á bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́.

3. Collaborateur, alábàáṣiṣẹ́pọ̀. Ó ń gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Nígbà tó bá ń fi màmá lé dókítà alẹ́ lọ́wọ́, á sọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀.

4. Leader, aṣíwájú. Ó ń ṣọ́ àkókò àti owó ilé ìwòsàn ná. Ṣáájú 2015, gestionnaire ni wọ́n ń pe ipò yìí.

5. Promoteur de la santé, alágbàwí ìlera. Bó bá rí i pé àdúgbò kan náà ni àwọn aláìsàn ti ń wá, á wádìí ohun tó fà á.

6. Érudit, ẹni tí kì í dẹ́kun ẹ̀kọ́. Ó ń kọ́ ara rẹ̀, ó ń kọ́ ẹlòmíràn.

7. Professionnel, ọmọlúàbí nídìí iṣẹ́. Ó ń pa àṣírí aláìsàn mọ́, ó sì ń fi ire aláìsàn ṣáájú àpò ara rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n?

Ìdánwò orí ìwé kò lè wọn gbogbo èyí. Láti 2017 ni Collège royal ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan, La compétence par conception. Ọ̀gá á máa wo akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó ti ń tọ́jú aláìsàn gan-an. Tó bá rí i pé ó lè dá a ṣe, á fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Bí ti télọ̀ wa náà ni: iye ọdún nìkan kọ́ ló ń fún ọmọ iṣẹ́ ní òmìnira, ó gbọ́dọ̀ lè gé aṣọ kó sì rán an.

Nítorí náà, tí dókítà bá ń bi yín nípa ilé yín, oúnjẹ yín tàbí owó ọwọ́ yín, ẹ má rò pé ó ń ṣe ojúmìító. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ sọ òótọ́ fún un.