Journaliste: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ti Inú Ọjọ́ Jáde

Ọ̀nà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbà fún iṣẹ́ ní orúkọ yàtọ̀ síra. Àwa Yorùbá wo ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe: ẹni tí ó ń kọ ìròyìn ni akọ̀ròyìn. Àwọn Faransé ní tiwọn wo àkókò. Journaliste ni wọ́n ń pe ẹni náà, jour tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ni ọjọ́. Ara ọ̀rọ̀ kan náà ni journal, ìwé ìròyìn, ti wá, àti journalier, alágbàṣe tí ó ń gba owó ojúmọ́.

Nínú gbólóhùn ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò le. «Il est journaliste» ni a ń sọ bí ó bá jẹ́ ọkùnrin; «Elle est journaliste» bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà rárá. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó ní «les journalistes». S ìparí rẹ̀ kì í dún, les ni etí fi ń mọ̀ pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ, gẹ́gẹ́ bí «àwọn» ti ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí gírámà mú rọrùn, ìtàn kò mú un rọrùn.

Nígbà tí Théophraste Renaudot, oníṣègùn, dá La Gazette sílẹ̀ ní 1631, gazetier ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1665 ni Denis de Sallo bẹ̀rẹ̀ Journal des sçavans ní Paris, tí ó ń ròyìn àwọn ìwé tuntun. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣe ìdájọ́ ìwé ẹlòmíràn ni journaliste kọ́kọ́ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Encyclopédie ṣì túmọ̀ rẹ̀ ní 1765. Ta ni yóò fẹ́ràn adájọ́ tí a kò yàn? Ní 1760, Voltaire gbé eré L'Écossaise jáde láti fi Fréron, ọ̀kan nínú wọn, ṣẹ̀sín.

Ọdún 1777 ni Paris rí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àkọ́kọ́. Ìyípadà 1789 ṣí ẹnu púpọ̀. Napoléon tún pa ọ̀pọ̀ wọn dé ní 1800. Ní 1836, Émile de Girardin fi owó ìpolówó ọjà dín iye tí òǹkàwé La Presse ń san kù sí ìdajì, ìwé ìròyìn sì dé ọwọ́ àwọn tí kì í rà á tẹ́lẹ̀. Òfin ọjọ́ 29 oṣù keje 1881 ni ó tú ìwé ìròyìn sílẹ̀. Òfin 1935 ni ó wá sọ ẹni tí journaliste jẹ́: ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ń ti ibẹ̀ jẹun. Òfin náà gbà á láyè láti kúrò, kí ó sì gba owó gbà-má-bínú, bí ìwé ìròyìn rẹ̀ bá yí ìwà padà lọ́nà tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Òfin 1881 dé àwọn ilẹ̀ amúnisìn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ Faransé ni alábòójútó ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní Dahomey, tí Kétu àti Sàkẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹni abẹ́ ìjọba lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀kùn ṣí, ìloro rẹ̀ ga. Síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ kọ̀wé. La Voix du Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba ti wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní Abẹ́òkúta, láti 1859 ni Ìwé Ìròhìn Henry Townsend ti ń fọ Yorùbá, nítorí náà kò ṣòro fún wa láti fi èdè wa sọ oníṣẹ́ náà lórúkọ. Àwọn ìbátan wa tí ó wà lábẹ́ Faransé bá orúkọ náà nínú èdè ẹni tí ń jọba lé wọn lórí, wọ́n sì fi èdè náà bá a jà. Gbólóhùn kúkúrú ni «Il est journaliste». Ní Dahomey ìgbà náà, ẹ̀tọ́ tí a kò tíì fún ni ní kíkún ni ẹni tí ó sọ ọ́ ń gbà fúnra rẹ̀.