Ayálégbé Inú Ilé Onígbèsè: Ìtàn Òfin Kan ní Amẹ́ríkà

Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé yóò yá owó lọ́wọ́ báǹkì, yóò sì fi ilé náà dúró fún gbèsè. Bí kò bá lè san án mọ́, báǹkì yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà, wọn yóò sì tà á ní gbàǹjo. Èyí yé tonílé tàlejò. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ayálégbé tí ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ó sì ń san owó ilé rẹ̀ déédéé?

Òfin àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì le. Ọjọ́ tí a kọ ìwé ni ó ń wò. Bí ìwé gbèsè bá ṣáájú ìwé ayálégbé, ìwé ayálégbé lè di òfo lẹ́yìn tí báǹkì bá ti gba ilé. Bí ti ayálégbé bá ṣáájú, ó dúró. Bẹ́ẹ̀, ayálégbé wo ni í béèrè ọjọ́ tí onílé yá owó kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́? Yorùbá ní ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì. Òfin yìí kò gbọ́ òwe náà rí.

Ìpínlẹ̀ New Jersey tètè rí àṣìṣe náà. Ní 1974, àwọn aṣòfin ibẹ̀ pàṣẹ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayálégbé kò ṣe é lé jáde láìsí ìdí tí òfin là sílẹ̀, irú bí àìsanwó ilé. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1994, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́, nínú ẹjọ́ kan tí Chase Manhattan Bank pè, pé òfin náà de báǹkì tí ó gba ilé nítorí gbèsè pẹ̀lú.

Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ jù kò tẹ̀lé e. Nígbà tí gbèsè ilé wá dojú rú káàkiri Amẹ́ríkà láti 2007, ojú àwọn ayálégbé rí màbo. Ní Chicago, iṣẹ́ Tom Dart, ṣẹ́ríìfù àgbègbè Cook, ni láti rán àwọn ọmọ-abẹ́ rẹ̀ lọ lé ènìyàn jáde bí ilé-ẹjọ́ bá ti pàṣẹ. Orúkọ onílé ni ó wà nínú ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ayálégbé ni wọ́n ń bá nílé, tòun ti ọmọ àti ẹrù, tí kò gbọ́ rárá pé ẹjọ́ kankan wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá 2008, Dart kéde pé òun kò ní ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn báǹkì Illinois fárí gá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù, nítorí agbófinró tí ń ṣa àṣẹ ilé-ẹjọ́ tí ó wù ú jẹ́ ohun ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, ta ni ó ti gbọ́ igbe àwọn ayálégbé? Kò pẹ́ tí Dart fi padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn ètò tuntun nípa kíkìlọ̀ fún àwọn tí ń gbé inú ilé.

Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 2009, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó dáàbò bo ayálégbé. Ẹni tí ó gba ilé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó kéré tán. Bí ìwé àdéhùn bá ṣì ní ọjọ́ nílẹ̀, ayálégbé yóò gbé e parí, àfi bí ẹni tí ó ra ilé bá fẹ́ fi ṣe ibùgbé ara rẹ̀. Òfin náà kò ka ọmọ, aya, ọkọ tàbí òbí onígbèsè kún ayálégbé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀tàn jókòó sínú ilé.

Òfin onígbà díẹ̀ ni. Ó kú ní ìparí 2014, láìsí ariwo. Kò sì jí títí di oṣù kẹfà 2018, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di òfin tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n wọn kò yan ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan láti máa ṣọ́ ọ. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti dájọ́ pé ayálégbé kò lè tìtorí òfin náà pe báǹkì lẹ́jọ́. Bí báǹkì bá pe òun lẹ́jọ́ láti lé e jáde, ó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dẹrù jáde ní ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé kò rí àǹfààní rẹ̀ jẹ.