Àjùmọ̀dì: Orúkọ fún Kẹ́míkà Onídúróòmù Méjì

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fín fóòmù sára òrùlé tàbí ọ̀dà sára ọkọ̀ láti Lekki dé Ajah kò rí irú rẹ̀ gbà, ìdí nìyí tí àyè fi ṣí sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bíi "kẹ́míkà olùdáhùnsí ẹlẹ́yà-méjì", níbi tí oní àti ẹ̀yà ti para pọ̀ di ẹlẹ́yà, tí etí kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò ní wàhálà: fín ni fín, ìbọ̀wọ́ ni ìbọ̀wọ́, dúróòmù sì ti di ọmọ ilé.

Kẹ́míkà náà gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Onímọ̀ kẹ́míkà Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàwárí ọ̀nà rẹ̀ ní Jámánì ní 1937. Èròjà tí wọ́n ń pè ní àísósáyánéètì ń gbé inú dúróòmù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní pòlíọ́ọ̀lù ń gbé inú èkejì, wọn kì í sì í pàdé títí wọn yóò fi dé ẹnu ìbọn ìfín, lẹ́yìn èyí ni fóòmù ń wú tó sì ń dì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. "Dáhùn" kò lè gbé èyí, nítorí ẹni tó dáhùn kò tìtorí ìyẹn di ẹlòmíràn. Àdàlú pàápàá kò tó o, nítorí ẹ̀wà àti àgbàdo inú rẹ̀ ṣì ṣeé ṣà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àjùmọ̀dì ló yẹ ẹ́, láti ara jùmọ̀, tó wà nínú àjùmọ̀ṣe àti àjùmọ̀ní, àti dì. Alátakò lè sọ pé ẹ̀kọ tó dì ń yọ́ bí iná bá tún kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í ṣàn mọ́, sìmẹ́ǹtì tó dì nínú àpò kì í sì í padà di lẹ́búlẹ́bú.

Omi náà lè bá àísósáyánéètì jùmọ̀ dì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun sì ń wọ dúróòmù tí wọn kò bá dé. Gáàsì tí ènìyàn ń mí síta ni yóò máa jáde nínú rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé dúróòmù pinpin bí omi bá ti wọ̀ ọ́, kí ó má baà bẹ́. Ní ti ìpamọ́, abẹ́ ibòòji, orí pákó, ìdérí tó dán mọ́rán: ìyókù wà lára lébẹ́ẹ̀lì.

Àìsàn Kòrónà ti sọ ọ̀rọ̀ náà "ìbòmú" di aṣọ lásán láti 2020, aṣọ kì í sì í dá èéfín àísósáyánéètì dúró. Ìbòmú alásẹ́ ni kí wọ́n pe èyí tó ní èédú tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Ní ti àlẹ́jì, "èèwọ̀ ara" tí àwọn kan ń lò kò bá ọ̀ràn yìí mu, nítorí èèwọ̀ ti wà kí ẹni náà tó fọwọ́ kan nǹkan, nígbà tí afínfóòmù lè mí èéfín náà fún oṣù tàbí ọdún kí ikọ́ fée tó bẹ̀rẹ̀, tí díẹ̀ kíún yóò sì máa dá a padà láti ìgbà náà lọ. "Ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́" ni àwọn ènìyàn ń wí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára dúróòmù.