Ipa àyíká ìta lórí òwò àdìrẹ Abẹ́òkúta

Ipa àyíká ìta lórí òwò àdìrẹ Abẹ́òkúta ni ọ̀nà tí ọrọ̀-ajé, àṣà àwùjọ, àṣẹ ìjọba àti ìmọ̀-ẹ̀rọ ti gbà mú kí òwò aṣọ àdìrẹ gbilẹ̀ tàbí kí ó rẹ̀yìn ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nínú ẹ̀kọ́ nípa okòwò, àyíká ìta ni gbogbo ohun tí ó ń kan okòwò ṣùgbọ́n tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ni ín. Lára wọn ni iye tí owó ìlú jẹ́ sí owó ilẹ̀ mìíràn, agbára tí oníbàárà ní láti rajà, ohun tí ó bá ìgbà mu, òfin, àti ọjà àwọn tí wọ́n ń díje. Ìtàn àdìrẹ fi hàn pé ohun kan náà tí ó ti òde wá gbé òwò ró lè padà di ohun tí ó fẹ́ wó o.

## Orúkọ àti iṣẹ́ náà

Ọ̀rọ̀ náà "àdìrẹ" ni a ṣẹ̀dá láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, "dì" àti "rẹ": ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Oríṣi mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù láyé àtijọ́. Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi ìko dì. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sí pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí a dì, tí a rán tàbí tí a fi ẹ̀kọ bò kì í mu aró.

Ewé ẹlú ni a fi ń ṣe aró ìbílẹ̀. A ó gún un, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ, lẹ́yìn náà a ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn obìnrin ni aláró, ìyá a sì máa kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé bátànì sára páànù láti fi tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ.

## Aṣọ òkè òkun àti ìgbòòrò òwò

Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Kò pẹ́ tí àwọn Sàró tí wọ́n ń bọ̀ láti Sàró Léònì àti àwọn míṣọ́nnárì fi dé ìlú náà, òwò pẹ̀lú àwọn òyìnbó ní Èkó sì ń gbèrú sí i. Ojú irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ìtòsí Abẹ́òkúta, ó sì mú kí ẹrù tètè máa wọlé, kí ó sì tètè máa jáde.

Lára ẹrù tí ó ń wọlé ni aṣọ funfun tí wọ́n ń hun ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kíjìpá tí àwọn ará ilé ń hun nípọn, ojú rẹ̀ sì le. Aṣọ òkè òkun fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì dán, nítorí náà ó gba dídì wẹ́wẹ́ àti àwòrán tín-ín-rín tí kíjìpá kò lè gbà dáadáa. Bí aṣọ tí ó ti òde wá ṣe mú kí iṣẹ́ àwọn aláró gbòòrò nìyí. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníbàárà ń wá ra àdìrẹ Abẹ́òkúta láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, àti láti Sẹ̀nẹ̀gàl.

Èrè yìí ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ń hun aṣọ tí ó ń rẹ kò jìnnà sí aláró tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkè òkun, iye owó rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn alágbàtà wọn, ọ̀pọ̀ aláró sì ń gba aṣọ náà láwìn.

## Ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀-ajé àti ọ̀rọ̀ sóódà

Nígbà tí ọrọ̀-ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929, iye owó kòkó àti epo pupa já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò rí owó gbà lórí kòkó kò ní rówó ra aṣọ. Àwọn aláró kò ta kòkó, síbẹ̀ ìpalára náà dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé àpò oníbàárà ni ọjà wọn wà. Ẹni tí ó ti gba aṣọ láwìn sì ní gbèsè láti san, ì báà tà, ì báà má tà.

Ìyípadà mìíràn ti dé bá wọn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti gbé aró àtọwọ́dá jáde sọ́jà ní ọdún 1897. Nígbà tí aró yìí àti sóódà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Kò sí pé à ń gún ewé ẹlú mọ́, kò sì sí pé à ń sun igi fún eérú. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dójú àmì pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n sóódà tí ó bá pọ̀ jù a máa jẹ aṣọ, a sì máa bó ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Bí ọjà ṣe ń tutù ni àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ kò tọ́jọ́ mọ́.

Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sóódà àti aró àtọwọ́dá. Àwọn aláró tako òfin náà gidigidi, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba amúnisìn ṣe ìwádìí lé lórí. Ojú tí àwọn aláṣẹ fi wo ìṣòro náà ni pé ohun èlò tuntun ni ó ba ọjà jẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ aláró, ohun èlò náà ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣì lè rí oúnjẹ òòjọ́ nígbà tí owó wọ́n. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu bí obìnrin yóò ṣe ṣe òwò rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tún yọjú ní ọdún 1947, nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde tako owó orí lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Aláké fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1949, kí ó tó padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1950.

## Àṣà àti àwùjọ

Ohun tí ó ń lọ nínú ìlú a máa hàn lára àdìrẹ fúnra rẹ̀. Bátànì tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba wá láti ara ayẹyẹ ọdún 25 tí George Karùn-ún lo lórí oyè ní ọdún 1935. Ìbàdàndùn ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àdìrẹ aláwọ̀ ẹlú bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aṣọ àwọn àgbà lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì dínkù gan-an. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni kàm̀pálà, aṣọ aláwọ̀ púpọ̀ tí a fi ìda bò dípò ẹ̀kọ, tí ó jẹ́ orúkọ olú-ìlú Ùgáńdà. Níke Davies-Òkúndayé, tí a bí ní ọdún 1951, kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ àdìrẹ ní Òṣogbo, èyí kò sì jẹ́ kí ìmọ̀ àtijọ́ parun. Ojú tí àwùjọ fi ń wo aṣọ náà tún yí padà nígbà tí àwọn aránṣọ ìgbàlódé gbà á. Ní ọdún 2013, Michelle Obama, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ àdìrẹ tí ilé-iṣẹ́ Maki Oh rán nígbà tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Gúúsù Áfíríkà.

Àṣà tí ó ń mú ọjà tà lè dá a dúró pẹ̀lú. Aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe wà lára ohun tí ó ń mú kí àdìrẹ tà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ tí ó lókìkí jù ní Abẹ́òkúta. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìsémọ́lé nítorí àrùn Kòrónà ní ọdún 2020. Níbi tí kò bá ti sí ayẹyẹ, a kì í nílò aṣọ ẹbí.

## Iye náírà àti aṣọ ayédèrú

Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Nàìjíríà rẹ̀yìn púpọ̀ lẹ́yìn àwọn ọdún 1980. Èyí tí ó tóbi ní Kàdúná, United Nigerian Textiles, dá iṣẹ́ dúró ní ọdún 2007. Nítorí náà, púpọ̀ nínú aṣọ funfun, aró àti sóódà tí àwọn aláró ń lò ni ó ń ti òkè òkun wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦470, ó kọjá ₦750 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù tí a yọ ní àsìkò kan náà sọ owó ọkọ̀ di ọ̀wọ́n.

Ìṣòro kejì ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí ní Ṣáínà. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n, nítorí pé kò sí owó ọwọ́ aláró nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú kan rẹ̀ máa ń hàn ju èkejì lọ, bátànì rẹ̀ a sì máa bára mu láìyẹ̀. Àdìrẹ àfọwọ́ṣe máa ń mu aró dé ẹ̀yìn, kò sì sí méjì tí ó bára mu tán.

## Bí àwọn oníṣòwò ṣe ń fèsì

Àwọn aláró kò lè pinnu iye dọ́là, wọn kò sì lè dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ wọn ni wọ́n ń tún ṣe. Àwọn kan ń tà lórí Instagram àti WhatsApp, tí oníbàárà òkè òkun fi ń bá wọn rajà láìdé Ìtòkú. Àwọn mìíràn ń rẹ aṣọ kìkì bí a bá ti béèrè fún un, kí owó wọn má baà há sínú ẹrù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti dá ọjà àdìrẹ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan sì ti padà sórí aró ẹlú. Ewé náà wà nílẹ̀ wa, iye rẹ̀ kò so mọ́ dọ́là, àwọn oníbàárà kan sì ṣe tán láti san owó lé e. Síbẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ ṣì ń ti òde wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láti ìgbà tí aṣọ Manchester ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.